Apá Tí Kò Gbọ́ Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ní Orè, nígbà tí owó epo ń pariwo, tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣì jẹ́ tuntun.

Akọ̀wé ìjọba kan tí wọ́n gbé wá láti Ìbàdàn, Ọ̀gá Làmídì, ló ń kọ́ wa ní ìjà àwọn ará Japan. Kì í ṣe káràtè nìkan o! A ń kan ara wa lẹ́ṣẹ̀ẹ́, a ń gbé ara wa ṣánlẹ̀, a tún ń fún ara wa lọ́rùn, lórí àpò tí a rọ ìyẹ̀ pákó sí. Òfin tó ga jù ni pé bí ẹni tí o fún lọ́rùn bá ti fọwọ́ gbá ọ, kí o tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ní Sátidé kan, èmi àti Bọ̀dá Dáyọ̀, ẹ̀gbọ́n mi tó ń bá bàbá wa ro oko kòkó ní Omifúnfún, kojú ara wa. Ó fi apá òsì há mi lọ́rùn. Mo gbá apá náà. Kò tú mi. Mo tún gbá a. Ojú mi ṣú.

Nígbà tí mo jí, àwọn tí a jọ ń kọ́ ìjà ti ń pe Bọ̀dá ní ìkà. Ó ń sunkún pé òun ò mọ̀ pé mo gbá òun. Ta ló máa gba irú ẹ̀ gbọ́?

Ọ̀gá nìkan ló yẹ apá náà wò. Ó rí ibì kan tí àwọ̀ ara rẹ̀ ti ṣá, àti ibi tí sáléńsà alùpùpù, páìpù tí èéfín rẹ̀ ń gbà jáde, ti jó o tí kò mọ̀. Ó ní kó dijú, ó fi bírò gún un. Bọ̀dá ò mira.

Ọ̀gá mú un lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ní ẹ̀tẹ̀ ni, pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, oògùn á wò ó sàn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ti délé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan ń dìde lórí bẹ́ǹṣì tí a bá jókòó sí.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù, dókítà ní àìsàn náà kò lè ran ẹnikẹ́ni mọ́. Bọ̀dá padà wá síbi tí a ti ń kọ́ ìjà. Ọ̀gá ní kí oníkálukú yan ẹnìkejì. Kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn.

Mo bọ́ síwájú rẹ̀, mo tẹrí ba.

Ó ní, "Ẹ̀rù ò bà ọ́?"

Mo ní, "Ó ń bà mí. Ẹ dì mí mú."

Ó rọra sọ fún mi pé èjìká ni kí n máa gbá, ibẹ̀ lara òun ti ń gbọ́. A jọ jà títí àwọn yòókù fi pa ìjà tiwọn tì, tí wọ́n ń wò wá. Ọ̀gá ló kọ́kọ́ wá gbapò mi.

Ara Bọ̀dá yá, ó gbéyàwó, ó bímọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, kí a tó pe ẹnìkan ní ìkà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó ń ṣe é. Ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ nílé tiyín rí? Ẹ sọ fún wa, etí wa wà nílẹ̀.