Ta Ni Yóò Bẹ Olórí Ẹgbẹ́ Ìbẹ̀wò Wò?

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà ọdún 2024, Juliana Ọláoyè ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ ní Festac, egungun ìbàdí rẹ̀ sì sán. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ló kọjá kí ẹnikẹ́ni tó wá láti ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi darí ẹgbẹ́ ìbẹ̀wò ṣọ́ọ̀ṣì náà. Bó ṣe ń tọ́jú fáìlì nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ náà ló ṣe ń tọ́jú àwọn ọmọ ìjọ. Ẹni tí a kò bá rí lọ́jọ́ Ìsinmi méjì léraléra, kí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣú, Juliana ti dé ẹnu ọ̀nà onítọ̀hún. Ó mọ ilé tí ajá wọn ń géni jẹ ní Kuje, nítòsí Festac níbẹ̀. Ó mọ ọkùnrin tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Trade Fair, tí kò fẹ́ kí wọ́n pariwo àdúrà ní ṣọ́ọ̀bù òun. Opó kan kọ̀ láti bá a sọ̀rọ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Lọ́dún kẹta, wọ́n ti di kòríkòsùn, nítorí pé Juliana kò yéé lọ.

Òun náà ló ṣe òfin tó padà wá dè é mọ́lẹ̀. Lọ́dún kan, ìdílé mẹ́ta ya lu ilé ọlọ́mọ tuntun kan lọ́jọ́ kan náà, tí bàbá ọmọ ń sáré kiri wá ohun tí yóò fi ṣe wọ́n lálejò. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, obìnrin kan tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀ dá wà nílé, kò sẹ́ni tó yọjú sí i. Láti ìgbà náà, Juliana ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ síbi tí òun kò bá rán an.

Beatrice tó ń gbé nísàlẹ̀, tí kì í ṣe ọmọ ìjọ wọn, ló ń pọnmi fún un.

“Màmá, àwọn ará yín ńkọ́? Àbí wọ́n ti dí ọ̀nà Festac ni?”

“Wọ́n ń bọ̀.”

“Ẹ ti ń sọ bẹ́ẹ̀ látìgbà tí àgbàdo wà lóko. Wọ́n ti ya á, wọ́n ti sè é, wọ́n ti jẹ ẹ́ tán.”

Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo ọjọ́ Ajé, Inúmidùn, akọ̀wé ẹgbẹ́ náà, máa ń pè é. Nítòsí Apple Junction ló ń gbé. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá kì í lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ láti ibẹ̀.

“Mọ́mì, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ṣé ara ti ń yá? À ń gbàdúrà o! Àwọn mẹ́rin la ò rí lánàá. Ta ni kó lọ sọ́dọ̀ ta?”

Lórí ibùsùn ni Juliana ti ń pín iṣẹ́. Kò dárúkọ ara rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́: kí ẹnì kan, ẹnì kan péré, wá láìjẹ́ pé a rán an. Bí ẹnì kan bá wá, a jẹ́ pé ọdún mọ́kàndínlógún yẹn ti sọ wọ́n di ẹbí. Bí kò bá sí, a jẹ́ pé ìránṣẹ́ lásán ló kó jọ.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kọkànlá, ó sú u.

“Kọ orúkọ kan sí i. Juliana Ọláoyè.”

Inúmidùn bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin Mọ́mì yìí! Ẹ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ṣá.”

“Mi ò ṣàwàdà.”

Inúmidùn kọ orúkọ náà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Inúmidùn àti àwọn mẹ́ta mìíràn nínú ẹgbẹ́ náà dé, pẹ̀lú búrẹ́dì àti ọsàn, bó ṣe kọ́ wọn gẹ́lẹ́. Wọ́n kọ orin kan, wọ́n gbàdúrà. Dennis, tó kéré jù nínú wọn, gbé fóònù sókè.

“Mọ́mì, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ká lè fi sórí WhatsApp.”

Kò rẹ́rìn-ín. Inúmidùn ló kọjú sí. “Bí mi ò bá rán yín ńkọ́?”

“Háà, Mọ́mì! Ẹ̀yin náà lẹ ní ká má lọ síbi tẹ́ ò bá rán wa. A rò pé ẹ fẹ́ sinmi ni.”

Kò parọ́. Ìyẹn gan-an ló burú jù. Juliana ti kọ́ wọn ní ọjọ́, ní ọ̀nà ilé, àti iye ọsàn tó yẹ kí wọ́n gbé dání. Kò kọ́ wọn bí àárò èèyàn ṣe ń sọni. Ṣùgbọ́n ta ló ń kọ́ àgbàlagbà nìyẹn? Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Inúmidùn. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, Juliana sùn sílé wọn fún odindi ọjọ́ mẹ́fà. Kò sẹ́ni tó rán an.

Nínú oṣù kẹwàá, ó ti ń fi ọ̀pá rìn, ó ti ń dá lọ sọ́jà. Kò padà sí ṣọ́ọ̀ṣì náà. Inúmidùn ti di olórí ẹgbẹ́, òun ló ń pín iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Orúkọ Juliana kò sí lára àwọn tí wọ́n ń wá. Wọ́n ní Mọ́mì ti fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ Ìsinmi, òun àti Beatrice a jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọn a máa ṣa ẹ̀wà.

Ìwọ tí ò ń ka èyí, ẹnì kan ti ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ rí ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí o kò rí mọ́. O mọ orúkọ rẹ̀. O mọ ilé rẹ̀. Gbé ìwé yìí sílẹ̀, wọ bàtà rẹ, kí o sì lọ lónìí.