Oògùn Kátá àti Oorun Ọmọ Mẹ́fà

Àdúgbò Àgùdà ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jọ ń gbé nígbà náà. Ọmọ rẹ̀ jẹ́ oṣù mọ́kànlá. Tó bá ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, á gbé ọmọ sí kíréṣì kan ní òpópónà kejì sí tiwa. Èmi tí mo ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nílé ni mo máa ń lọ gbé e ní aago mẹ́rin. Mọ́mì ni gbogbo wa ń pe obìnrin tó ni kíréṣì náà. Àwọn ìyá ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. "Ọmọ kì í sunkún lọ́dọ̀ wọn," ni wọ́n máa ń wí. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó béèrè ìdí tí ọmọ kò fi ń sunkún.

Láti Mọ́ńdè títí dé Fúráìdè, ọmọ náà máa ń délé bí ẹni tí wọ́n lù. Ètè rẹ̀ á gbẹ, dáípà rẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ìtọ̀ nínú. Tó bá di Sátidé, ara rẹ̀ á yá, á máa fa ìwé mi ya. Ẹ̀gbọ́n mi ní eyín ló fẹ́ hù. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀wò: mi ò gbọ́ ọ rí pé eyín máa ń sinmi lópin ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò sọ nǹkan kan. Mo kàwé, mo fẹ́ rí ẹ̀rí.

Ní Ọjọ́rú kan, iná lọ, bátìrì kọ̀ǹpútà mi kú, mo sì lọ gbé ọmọ ní aago kan ọ̀sán. Ọmọ mẹ́fà ló wà lórí ẹní, wọ́n tò wọ́n bí búrẹ́dì, gbogbo wọn ń sùn. Mo pe tiwa, mo gbọ̀n ọ́n lẹ́sẹ̀, mo ta omi sí i lójú. Ó la ojú díẹ̀, ó sì tún pa á dé.

"Mọ́mì, kí lẹ fún un?"

"Oògùn kátá. Ṣé kò ní kátá ni?"

"Àwọn márùn-ún yòókù ńkọ́?"

"Àwọn náà ní kátá."

"Gbogbo wọn, lọ́jọ́ kan náà?"

"Ẹ wá gbọ́ o! Dókítà tí ò bímọ! Ìwọ ti tọ́ ọmọ rí? Oògùn ọmọdé ni, àwòrán ọmọ ló wà lára ìgò ẹ̀."

Ẹ̀rí tirẹ̀ nìyẹn. Mo gba ìgò náà wò: lábẹ́ àwòrán náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kí a má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, àfi tí dókítà bá ní kí a fún un. Ìdérí ìgò ló sì fi ń wọ̀n ọ́n.

Bí oògùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti lóye. Bí ohun tí ara wa kórìíra bá kàn wá, eruku tàbí oúnjẹ kan, ara á tú èròjà kan tó ń jẹ́ hístámìnì sílẹ̀. Òun ló ń mú imú ṣomi, tó ń mú ara yún, tó ń mú ojú wú. Oògùn yìí á gba ibi tí hístámìnì ì bá jókòó sí mọ́ ọn lọ́wọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n hístámìnì kan náà ló wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ọpọlọ wa lajú sílẹ̀, irú oògùn yìí tó jẹ́ ti àtijọ́, bíi ti Mọ́mì, sì máa ń wọ ọpọlọ. Àwọn tuntun kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ọ́. Oorun kì í ṣe iṣẹ́ oògùn náà, àléébù rẹ̀ ni. Nínú ọmọ ọwọ́, àléébù yìí lè dí mímí èémí lọ́wọ́. Àléébù yìí ni Mọ́mì ń tà fún wa.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gbé ọmọ lọ sí ọsibítù, mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, ó sì bá wa níbẹ̀. Dókítà béèrè bóyá ó lo oògùn mìíràn. Ẹ̀gbọ́n mi yọ ìgò kan nínú báàgì rẹ̀.

"Mo fún un ní ti ikọ́ láàárọ̀. Imú rẹ̀ ń ṣomi."

Dókítà ka ẹ̀yìn ìgò náà, ó bi mí ní orúkọ ti kíréṣì. Orúkọ méjèèjì yàtọ̀, oògùn kan náà ló wà nínú wọn. Ó béèrè ìwọ̀n tí Mọ́mì fún un. Ìdérí kan ni mo mọ̀, mi ò mọ bí ìdérí náà ṣe tóbi tó.

Wọ́n ń ṣọ́ èémí rẹ̀ títí di aago mẹ́fà, kí ó tó tọ̀ sára ìyá rẹ̀, tó sì figbe ta. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti fi ń kó ẹ̀rí jọ. Mọ́mì kò mọ ohun tó ń ṣe. Èmi fura, mo sì dákẹ́. Mi ò mọ èwo nínú àwa méjèèjì ni ẹ̀gàn tọ́ sí jù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a lọ kó ẹrù ọmọ kúrò ní kíréṣì. Ẹ̀gbọ́n mi ro gbogbo rẹ̀ fún àwọn ìyá tó wà lẹ́nu géètì. Wọ́n pòṣé, wọ́n kí i kú ewu, wọ́n sì gbé ọmọ wọn wọlé fún Mọ́mì. Ọ̀kan ṣoṣo ló dúró, ó fa fóònù yọ.

"Bọ̀dá, ẹ dákun, kí lorúkọ oògùn yẹn?"

Mo rò pé ó fẹ́ yẹra fún un ni. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù rẹ̀, mo sì ṣàlàyé pé orúkọ tó wà lẹ́yìn ìgò ni kó máa wò, kì í ṣe èyí tó wà níwájú.

"Ẹ ṣé gan-an. Ṣé màá rí i rà ní ọjà Ìpọ̀nrí? Ọmọ tèmi kì í sùn, kì í jẹ́ kí n ráyè dáná."

Ẹ̀gbọ́n mi gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó pa orúkọ náà rẹ́, ó sì dá a padà fún un.