Domitila lábẹ́ Igi Gbẹ̀rẹ̀fútù

Ẹyẹ kan wà lórí Príncipe, erékùṣù wa, tí kò sí níbòmíràn láyé. Ẹ má retí ẹwà o. Ó kéré, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ológoṣẹ́ lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ewé gbígbẹ. Lọ́dún tó kọjá, òyìnbó kan wọ ọkọ̀ òfuurufú mẹ́ta kó tó dé ibí, ó wáá kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ń wo ẹyẹ tó máa ń ṣu sórí aṣọ tí mo bá sá. Àwa ò kà á sí. Domitila, aládùúgbò mi, nìkan ló kà á sí, nítorí ọmọ rẹ̀.

Inú oko kòkó ni wọ́n bí Domitila sí. Cape Verde ni ìyá rẹ̀ ti wá ṣe lébìrà níbẹ̀. Àdéhùn ọdún mẹ́ta ni wọ́n bá a ṣe, ó sì kú síbẹ̀ pẹ̀lú àpótí ẹrù tí kò tú rí. Ẹsẹ̀ ni Domitila fi ń yí kòkó tí wọ́n bá sá, láti kékeré, títí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fi yi bí awọ. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èmi ni mo máa ń sọ tèmi, tí mo tún ń bá a sọ tirẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Zulmira, ìyẹn sì lọ sí Lisbon láti ṣiṣẹ́ ọdún kan péré. Ó ti di ọdún kọkànlá báyìí.

Abẹ́ igi gbẹ̀rẹ̀fútù ẹ̀yìnkùlé Domitila nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé ládùúgbò wa, orí igi náà sì ni ẹyẹ yẹn ń gbé. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Zulmira á pè. Ìbéèrè kan náà ni ìyá rẹ̀ máa ń bi í.

"Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

"Oṣù Kẹjọ tó ń bọ̀ yìí, Màmá. Mo máa bá yín ṣọdún São Lourenço. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù sókè kí n gbọ́ ẹyẹ yẹn."

Domitila á na apá sókè, ẹyẹ á máa kọrin, ọmọ á máa tẹ́tí sí i lọ́hùn-ún. Bí oṣù Keje bá dé, Domitila á fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì Zulmira, á sá a. Bí ọdún São Lourenço bá parí, á ká a padà sínú àpótí tí ìyá tirẹ̀ fi sílẹ̀. Èmi tí mò ń wò ó, inú ń bí mi.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ẹja fẹ́ẹ́ jóná lórí iná. Domitila ní kí n bá òun di fóònù mú, ó sáré wọlé. Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Zulmira, ṣé ojú ò tì ọ́? Ìyá tó bí ọ lò ń fi oṣù Kẹjọ tàn bí ọmọdé?"

"Àǹtí Quintina, mi ò ní ìwé ìgbélùú. Bí mo bá jáde níbí, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́. Ta ló máa wá máa ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún Màmá? Ẹ má sọ fún wọn o. Ìrètí yẹn ni wọ́n fi ń jí láràárọ̀."

Domitila jáde, ó ń nu ọwọ́ sára ìró. Fóònù ti kú.

"Kí ló sọ?"

"Ó ní ẹyẹ ń kọrin dáadáa."

Ó wò mí títí. "Quintina, o ò mọ irọ́ pa. Ṣé ọ̀rọ̀ ìwé ló sọ fún ọ?"

"O mọ̀?"

"Láti ọdún kẹta. Ẹni tó ń bọ̀ wálé á béèrè ilé. Á ní ṣé òrùlé ń jò, ṣé bẹ́ẹ̀dì òun ṣì wà. Ẹyẹ nìkan lọmọ mi ń béèrè."

"Kí ló wá dé tó o tún ń bi í lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?"

"Ọjọ́ tí mi ò bá bi í, á mọ̀ pé mo ti mọ̀. Á rò pé mi ò retí òun mọ́."

"Aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó ò ń fọ̀ ńkọ́?"

Ó ṣíjú kúrò lára mi. "Tèmi nìyẹn."

Èmi tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́nu mímú, ẹkún ni mo sun délé.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, fóònù dún. Mo jókòó tì í, mo pa ẹnu mi mọ́.

"Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

"Oṣù Kẹjọ yìí, Màmá."

"Ó dáa, ọmọ mi. Mò ń retí ẹ."

Ó na apá sókè. Apá náà ti ń gbọ̀n báyìí, àgbà ti dé. Mo dìde, mo bá a gbé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ró títí ẹyẹ fi kọrin tán.