Ọ̀sán Tí Eléyín Lọ Wo Ọlọ́wọ́-Òsì

Yàrá iṣẹ́ wa wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn eyín, ó fún bí inú àpótí, fèrèsé kan ṣoṣo ló sì ní. Ibẹ̀ ni èmi àti obìnrin tí gbogbo èèyàn ń pè ní Eléyín ti ń ṣe eyín àtọwọ́dá fún àwọn tí tiwọn ti ká. Èmi ni mò ń po ìyẹ̀fun funfun tí a fi ń mú àwòrán èrìgì wọn. Òun ló ń to eyín sínú ìda ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí yóò máa yí orí síbí, yí orí sọ́hùn-ún, bí ẹni tó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí. Ọdún mẹ́tàlá la ti jókòó sídìí tábìlì kan náà. Mo mọ inú rẹ̀, ó mọ tèmi.

Eléyín fẹ́ràn orin gítà ju oúnjẹ lọ. Kì í ṣe gítà tútù tí wọ́n fi ń pa ọmọ lẹ́kún o. Rọ́ọ̀kì ni, èyí tó ń ké bí irin tí wọ́n ń fi ayùn rẹ́. Nínú gbogbo àwọn tó ń ta á, ọkùnrin kan ni tirẹ̀, tí àwọn olólùfẹ́ ń pè ní Ọlọ́wọ́-Òsì nítorí pé ọwọ́ òsì ló fi ń ta gítà.

Ọkọ rẹ̀ ni kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Akọ̀wé ilé iṣẹ́ adójútòfò ni, aṣọ rẹ̀ kì í hunjọ rárá, "ariwo wèrè" ló sì ń pe orin náà. Lọ́jọ́ Àìkú kan, inú bí i, ó kó gbogbo kásẹ́ẹ̀tì Eléyín, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó rì wọ́n sínú gárawa omi ọṣẹ tí aṣọ wà, ó ní kó fi wọ́n fọṣọ. Eléyín kò bá a jà. Ó ṣà wọ́n jáde, ó nù wọ́n, ó tò wọ́n sójú fèrèsé kí oòrùn pa wọ́n. Wọ́n gbẹ, ṣùgbọ́n wọn kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ọkọ yìí fẹ́ obìnrin kan ní ọ́fíìsì rẹ̀, ó kẹ́rù jáde. Mo rò pé ọ̀rẹ́ mi yóò sunkún. Kò sun ún.

"Ìyàwó tó fẹ́ kò dùn mí," ló wí. "Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n yẹn ni. Màá gbẹ̀san rẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bó bá ń dán eyín lórí ẹ̀rọ tó sì ń tẹ̀ ẹ́ jù, mo ti mọ ẹni tó ń rò. Ó ti ba eyín àwọn ẹni ẹlẹ́ni jẹ́ báyẹn lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìgbà tó yá, a gbọ́ pé Ọlọ́wọ́-Òsì ń bọ̀ wá ṣeré nínú gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀, ní aago mẹ́rin ọ̀sán Sátidé. Eléyín kò tíì fojú rí ọkùnrin náà rí. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì, ó ní dandan ni kí n sin òun lọ. Èmi tí ariwo kékeré ń fọ́ lórí! Mo fi òwú tí màá fi dí etí sínú báàgì mi, mo tẹ̀ lé e.

A jókòó tán, a ń retí kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ni Eléyín bá gbá mi lọ́wọ́ mú. Ẹ̀yìn orí ọkùnrin kan ló ń wò ní iwájú wa gan-an. Ọkọ rẹ̀ àtijọ́ ni! Ó wọ tíṣáàtì tí wọ́n ya ojú Ọlọ́wọ́-Òsì sí, ìyàwó tuntun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkùnrin náà sì ń kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ nípa onígítà náà.

"Orin tí yóò ta gbẹ̀yìn kí wọ́n tó sinmi, ìgbà tí ìyá rẹ̀ kú ló ṣe é. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀."

"Ọ̀rọ̀ mi nìyẹn!" Eléyín sọ ọ́ sí mi létí, èékánná rẹ̀ ń wọ̀ mí lára. "Èmi ni mo sọ ọ́ fún un. Ó ní kí n lọ wo ìkòkò lórí iná."

Ìyàwó náà bi í pé, "Láti ìgbà wo lẹ ti ń gbọ́ ọ?"

"Há! Láti kékeré. Kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kún ilé mi tẹ́lẹ̀, omi ló bà wọ́n jẹ́."

Eléyín ti fẹ́ dìde, ni iná bá kú, ni Ọlọ́wọ́-Òsì bá jáde. Ó ti dàgbà, ó rù, ó ń tiro díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó fọwọ́ kan okùn àkọ́kọ́, àga tí mo jókòó lé gbọ̀n. Mo wo ọ̀rẹ́ mi, omi ti bò ó lójú. Ìka rẹ̀ ń rìn lórí itan rẹ̀ bí ẹni tó ń to eyín. Fún odidi orin mẹ́ta, mo gbà pé ó gbàgbé pé ọkọ wà láyé.

Orin ìyá náà wá dé. Ibì kan wà láàárín rẹ̀ tí Ọlọ́wọ́-Òsì ti máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ bo okùn, tí gbogbo nǹkan yóò dákẹ́ wẹ́lo kó tó bẹ̀rẹ̀ padà. Eléyín ti sọ ìdákẹ́jẹ́ yẹn fún mi títí ó fi sú mi. Ọwọ́ bo okùn. Gbogbo gbọ̀ngàn pa rọ́rọ́, kò sẹ́ni tó wúkọ́. Àfi gbàù! ọkọ àtijọ́ fò dìde, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń kígbe, "O ṣé o! O ṣé o!"

Gbogbo èèyàn pòṣé. Onígítà gbójú sókè wò ó, ó sì ń dúró kó jókòó. Ìyàwó rẹ̀ ń fà á láṣọ.

Bí wọ́n ṣe tan iná fún ìsinmi, Eléyín fọwọ́ kan ọkọ àtijọ́ léjìká.

"Ẹ káàsán, sà."

Ọkùnrin náà yíjú padà, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ìyàwó ni Eléyín kọjú sí.

"Ìyàwó, ẹ má bínú. Kò mọ̀ pé orin náà máa ń dákẹ́ láàárín, torí kò jẹ́ kó parí nílé rí. Èmi ni mo ni kásẹ́ẹ̀tì tó ní ó kún ilé òun. Gárawa ọṣẹ ló rì wọ́n sí."

"Ìwọ obìnrin yìí, o ò tíì gbàgbé?"

"Mi ò ì gbàgbé. Ẹ má sì pariwo mọ́ lápá kejì o. Eyín iwájú méjì yẹn, èmi ni mo ṣe wọ́n, wáyà wọn ti gbó. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fò lọ bá onígítà."

Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín.

"Eyín wo?" ni ìyàwó bi í.

Ọkùnrin náà fọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n jáde kí iná tó kú, wọn ò padà wá. Eléyín gbé báàgì rẹ̀ sórí àga ọkùnrin náà, ó sì gbádùn apá kejì bí ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún nìkan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ìyàwó tuntun yìí wọlé bá wa níbi iṣẹ́. Mo rò pé ìjà dé, mo ti mú abọ́ ìyẹ̀fun dání.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí fún Eléyín, "ọkọ mi ti kó rédíò kúrò nílé. Ó ní òun ò fẹ́ gbọ́ gítà mọ́."

"Ẹ wá bá mi jà ni?"

"Rárá. Mo fẹ́ gbọ́ apá kejì tí a ò dúró gbọ́."

Eléyín gbé ìda ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ó mọ̀ pé ẹ wá?"

"Kò mọ̀."

Eléyín fa àga fún un, ó ki kásẹ́ẹ̀tì tuntun tó ti rà bọ rédíò, ó tan orin apá kejì. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, mo ní àánú rẹ̀ ló ṣe ọ̀rẹ́ mi.

"Àánú kẹ̀!" ló wí. "Kó máa bọ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Kó máa gbọ́ gbogbo ohun tí ọkùnrin yẹn kọ̀. Ẹ̀san mi ò tíì tán."

Obìnrin náà ń wá. Ọjọ́bọ̀ kẹta, mo dé, mo rí i pé ìrọ̀rí tuntun ti wà lórí àga rẹ̀. Mo wo Eléyín, ó gbójú kúrò, ó ní kí n tètè po ìyẹ̀fun, iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀.