Ẹnu Tẹlifíṣọ̀n ní Sotega

Lọ́dún 1994, nígbà tí wọ́n gé agbára owó Sẹ́fà sí méjì, inú ń bí gbogbo èèyàn ní Libreville, ṣùgbọ́n ti Jíbọ́lá lé kenkà. Inú ń bí i sí ìjọba, inú ń bí i sí búrẹ́dì. Ó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Charbonnages, ọ̀gá rẹ̀ sì ti là á mọ́lẹ̀ pé owó oṣù ò ní fi kọ́bọ̀ lé sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrẹsì àti òróró ti gbówó lórí kọjá sísọ. Ilé tó ń kọ́ sí Ọ̀fà ti dé ibi òrùlé, ibẹ̀ ló dúró sí, tí òjò ń pa á. Ta ni yóò bá ìjọba jà? Àwa ọmọ aráyé, bí ẹni tó ga jù wá lọ bá gbá wa létí, ẹni tó wà nítòsí là ń yíjú sí. Ẹni tó sún mọ́ Jíbọ́lá jù lọ ni Adédoyin, ìyàwó rẹ̀.

Ká tó bú Jíbọ́lá tán, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí wọ́n fi ń fẹ́ràn rẹ̀. Ẹnu Tẹlifíṣọ̀n ni orúkọ tí gbogbo Yorùbá tó wà ní Sotega, àdúgbò wọn ní Libreville, ń pè é. Láti ọdún 1985 ni tẹlifíṣọ̀n ti ń gbé eré kan jáde ní ọ̀sán Sọ́ńdè, eré àwòrán yíyà bí irú èyí tí àwọn ọmọdé ń wò, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọdé rárá. Tọkọtaya arúgbó kan ló wà nínú rẹ̀. Ọkọ rí rọ̀bọ̀tọ̀, kò sóhun tó tẹ́ ẹ lọ́rùn láyé. Ìyàwó kì í gbé síbí kúrò lọ́wọ́. Faransé ni wọ́n ń sọ, orúkọ wọn ò sì ṣeé pè lẹ́nu wa, làwọn èèyàn bá sọ ọkọ ní Bàbá Oníkanra, wọ́n sọ ìyàwó ní Màmá Onísíbí.

Faransé ọjà ni ọ̀pọ̀ wọn gbọ́, èyí tí wọ́n fi ń dúnàá-dúrà. Nítorí náà, Sọ́ńdè bá dé, wọn a kún pálọ̀ Jíbọ́lá, àwọn tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé àti àwọn tó ti tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Jíbọ́lá á rẹ ohùn tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ díẹ̀, á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á sì máa sọ ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ní Yorùbá bó ṣe ń jáde lẹ́nu wọn. Bó bá ń ṣe ọkọ, ohùn rẹ̀ á ki. Bó bá ń ṣe ìyàwó, á tinrín, ọwọ́ rẹ̀ a sì máa ju síbí tí kò sí níbẹ̀.

Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé ẹnu Bàbá Oníkanra ò mọ́. Èébú ló fi ń jí, èébú ló fi ń sùn, orí ìyàwó rẹ̀ ló sì ń da gbogbo rẹ̀ lé. Báwo ni Jíbọ́lá ṣe fẹ́ sọ irú ìyẹn níwájú Àlàájì Bẹ̀llò, àgbàlagbà tó ń ta aṣọ, tó máa ń jókòó níwájú pátápátá? Bí bàbá náà bá pe ìyàwó rẹ̀ ní ìkòkò gbígbó, Jíbọ́lá á ní, “Ìkòkò ọbẹ̀ mi, ìwọ tí o ò jẹ́ kí ebi pa mí rí.” Adédoyin, lórí àpótí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ló máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni Jíbọ́lá ń ṣiṣẹ́ fún. Kó tó wo ojú ẹnikẹ́ni, tìyàwó rẹ̀ ló máa ń wò.

Lójú tirẹ̀, Adédoyin ò gbọ́ Faransé. Bí wọ́n bá lọ sí ọ́fíìsì nítorí ìwé ìgbélùú, ọkọ ló ń dáhùn. Ìyàwó á dúró sẹ́yìn rẹ̀, á di báàgì mú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é láti ìgbà tí wọ́n ti dé, kò sì sẹ́ni tó bi obìnrin náà ní ìbéèrè kan.

Eré náà parí lọ́dún 1989. Ọdún márùn-ún gbáko ni wọ́n fi ń wo àwọn kásẹ́ẹ̀tì tí Jíbọ́lá gbà sílẹ̀, títí àwòrán fi ń gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe. Ó wá di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1994, ọdún burúkú yẹn gan-an, wọ́n ní eré náà ń padà bọ̀, pẹ̀lú àwọ̀ tuntun àti ohùn tuntun. Inú Sotega dùn. Wọ́n ní ó kéré tán, nǹkan kan máa padà sípò.

Àṣé ẹni tó lọ kọ́ ló padà. Wọ́n ti sọ Bàbá Oníkanra di ẹni pẹ̀lẹ́. Ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́, ó gbé òdòdó wọlé fún ìyàwó rẹ̀, ó ní òun ti ṣe é níṣekúṣe láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Jíbọ́lá gbọ́ ọ ketekete. Inú sì ru ú. Wọ́n gba ìkanra lọ́wọ́ bàbá yìí lọ́dún tí òun nílò rẹ̀ jù! Ta ni yóò máa bá òun kanra mọ́ ayé báyìí? Ohùn rẹ̀ ki, ó sì ní, “Gba òdòdó yìí, kó o fi bo ojú rẹ tó ti gbó.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú. Àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ nígbà tó parí.

“Wọ́n ti ba nǹkan jẹ́,” ni Àlàájì Bẹ̀llò wí. “Ti àtijọ́ ló dáa. Ọkùnrin yẹn fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ nígbà yẹn.”

“Èmi fẹ́ràn tuntun ní tèmi,” ni Fọlákẹ́ fèsì. Òun ló ń dirun níwájú ilé wọn. “Báyìí lọkùnrin ṣe rí. Ti àtijọ́ yẹn, irọ́ adùn ni. Àbí ọkọ ta ló ń pè é ní ìkòkò ọbẹ̀? Ohun tí ò yé mi ni pé òdòdó wà lọ́wọ́ rẹ̀, èébú wà lẹ́nu rẹ̀.”

“Ẹ̀fẹ̀ ayé òde òní nìyẹn,” ni Jíbọ́lá wí, ó sì pa tẹlifíṣọ̀n.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ní Sọ́ńdè kejì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ní ìkẹta. Èyí tó burú jù ni pé èébú inú ilé ló ń kó wá sí pálọ̀. Adédoyin ń ránṣọ fún àwọn obìnrin ní Batterie IV, àdúgbò àwọn olówó, ṣùgbọ́n ta ló ń ránṣọ lọ́dún tí ebi ń pa olówó? Ní Sátidé kan, ó ní ọ̀sẹ̀ kejì rèé tí ẹnikẹ́ni ò gbé aṣọ wá. Jíbọ́lá fi ìbínú dá a lóhùn pé, “Abẹ́rẹ́ rẹ ò rán nǹkan kan rí ju ìyà lọ.” Ní ọjọ́ kejì, ó fi ọ̀rọ̀ náà sí Bàbá Oníkanra lẹ́nu níwájú gbogbo èèyàn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Adédoyin kó aṣọ sínú báàgì kan, ó tì í sábẹ́ ibùsùn. “Bàbá Jonathan,” ló ní, “ẹ bú mi nínú yàrá, mo fara dà á. Ẹ wá ń bú mi níwájú àlejò. Mo ti kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi ní Ìwó. Bí ẹ bá tún fi ẹnu bàbá yẹn bú mi ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, èmi àti Jonathan ọmọ wa ń lọ sílé.”

“Ta ló bú ọ? Èmi ni mo ya àwòrán ni? Ohun tó sọ ni mo sọ.”

Adédoyin wò ó dáadáa. “Ṣé ohun tó sọ lẹ sọ?”

“Ohun tó sọ ni mo sọ!”

Obìnrin náà fi ẹsẹ̀ ti báàgì náà wọnú sí i.

Jíbọ́lá mọ̀ pé kò ṣeré. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, bó bá wọ yàrá, ojú rẹ̀ á lọ sábẹ́ ibùsùn. Ó pinnu pé òun á ṣọ́ ẹnu òun. Ṣùgbọ́n inú bíbí ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní Fúráìdè, ọ̀gá ní kó máa wá ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta péré lọ́sẹ̀. Ó gbé ìyẹn mì wọ Sọ́ńdè bí ẹni gbé eegun mì.

Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó sọ ti aládùúgbò inú eré náà, ó sọ ti ajá. Ìgbà tó yá, Bàbá Oníkanra wọ ilé ìdáná, ó kúnlẹ̀ síwájú ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú ikùn rẹ̀ tó yó. Jíbọ́lá wo ilé ìdáná náà, tí ẹran kún àwo, ní ìlú tí ẹnikẹ́ni ò gé owó wọn. Ẹni tí ebi ò pa ló ń ráyè kúnlẹ̀! Ohun tó ti gbé mì láti Fúráìdè bì jáde.

“Kí lò ń wò mí sí?” ló fi ohùn kíki náà bú jáde. “Abẹ́rẹ́ rẹ ò rán nǹkan kan rí ju ìyà lọ!”

Fọlákẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Abẹ́rẹ́ yìí náà ló sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Màmá Onísíbí ti di aránṣọ nígbà wo?” Bó ṣe bi í tán ni ó wo Adédoyin, ó sì fọwọ́ bo ẹnu.

Adédoyin dìde. Kò pariwo. “Ọkùnrin yẹn ń tọrọ àforíjì,” ló wí, ó nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n. “Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin rèé tó ti ń tọrọ àforíjì. Ẹ ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ.”

“O gbọ́ Faransé?” ni Jíbọ́lá bi í.

“Ta ni mo ń ránṣọ fún ní Batterie IV ní gbogbo ọdún wọ̀nyí? Yorùbá ni mo fi ń bá wọn sọ̀rọ̀ tí mo bá ń wọn ìbàdí wọn?” “Nígbà tó ń pe ìyàwó rẹ̀ ní ìkòkò gbígbó, mo gbọ́. Mo sì ń gbọ́ ohun tí ẹ fi ń rọ́pò rẹ̀. Ìwà rere yẹn, tiyín ni, kì í ṣe tirẹ̀. Ìdí tí mo fi ń ṣáájú gbogbo wọn rẹ́rìn-ín nìyẹn.”

Bàbá Oníkanra ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

“Ẹnu Tẹlifíṣọ̀n,” ni Àlàájì Bẹ̀llò pè é jẹ́jẹ́, “kí ni ọkùnrin náà ń wí?”

“Ó ní kó má bínú.”

“Ẹ sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́,” ni Adédoyin wí.

Jíbọ́lá fẹ́ ki ohùn, ohùn ò ki. Ohùn ara rẹ̀ ló jáde. “Ó ní òun jẹ̀bi. Ó ní ìyà tó ń jẹ òun níta ni òun ń kó wálé fún ìyàwó òun. Ó ní kó má lọ.”

Adédoyin gbé àpótí rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ló dúró sí, tó yíjú padà, tó sì dá ọkọ rẹ̀ lóhùn ní Faransé, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra.

Gbogbo èèyàn kọjú sí Jíbọ́lá, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

“Ó ní òun gbọ́,” ni Jíbọ́lá wí. “Ó ní báàgì ṣì wà lábẹ́ ibùsùn, òun ò tíì gbé e, òun ò sì tíì tú u.”