Rọ́bà Panápaná Inú Nàìlọ́ọ̀nù

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan ní Ìlíṣàn tó tẹ́ rọ́bà gígùn sílẹ̀, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára bí ìyá ọmọ tuntun, ẹ má bẹ̀rù, bàbá mi ni. Oyèbọ̀dé lorúkọ wọn. Rọ́bà panápaná inú ilé ni wọ́n máa ń yẹ̀ wò, èyí tí wọ́n ká sínú àpótí pupa lára ògiri, kí àwọn ará ilé lè rí nǹkan dì mú kí ọkọ̀ panápaná tó dé. Màmá mi ní tí òun bá jẹ́ rọ́bà ni, òun náà ì bá ti rí ìtọ́jú.

Bàbá mi kì í kánjú. Wọn á fi pẹ́ńsùlù fa ìlà síbi tí rọ́bà ti wọ inú orí idẹ tí wọ́n fi ń so ó mọ́ ẹnu omi, wọn á wá rọra ṣí omi sí i. Bí ìlà yẹn bá sún pẹ́nrẹ́n, orí idẹ ti ń múra àtijá nìyẹn. Tí rọ́bà bá gbẹ tán, wọn á tún un ká, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kó ṣẹ́ síbi tó ṣẹ́ sí tẹ́lẹ̀, torí ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, Màmá Moríyọ̀ ránṣẹ́ pè wọ́n, mo sì bá wọn lọ. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni màmá yìí. Àwọn ló kọ́ bàbá mi ní ìwé mẹ́fà n'Íkẹ́nnẹ́. Wọ́n ní ilé alájà mẹ́ta tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń háyà. Ọjọ́ Ajé ni àwọn ọmọ ń kó wọlé, màmá sì ti ṣèlérí fún àwọn òbí wọn pé ìwé ìyẹ̀wò yóò wà lára ògiri.

Tayọ̀tayọ̀ ni màmá ṣí àpótí fún wa. Rọ́bà ṣì wà nínú nàìlọ́ọ̀nù tó bá dé láti ṣọ́ọ̀bù lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Màmá tún ti ju kánfọ̀ sí i, bí ẹni tó tọ́jú aṣọ òfì ìyàwó. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án rí, kí bàbá mi sáà fọwọ́ síwèé.

Bàbá mi tẹ́ ẹ sí àgbàlá, wọ́n ní kí gbogbo wa sún sẹ́yìn, wọ́n ṣí omi. Kò pẹ́ tí omi fi ń sun ní gbogbo ibi tó ti ṣẹ́ bí omi inú ajere. Ó wá fàya. Ọ̀rinrin tó há sínú nàìlọ́ọ̀nù ti jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Màmá fa bàbá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Oyèbọ̀dé, fọwọ́ sí i fún mi. Mo máa ra òmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún bá káwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé òógùn ti bo iwájú orí wọn.

"Tíṣà, ìgbà tí mo fìdí rẹmi, tí mo sọ nílé pé mo yege, ẹ̀yin lẹ nà mí, mà."

Màmá fa fóònù yọ, wọ́n ń pe àwọn òbí lọ́kọ̀ọ̀kan pé ó di Ọjọ́bọ̀ kí ọmọ kankan tó wọlé.

Rọ́bà tuntun dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Omi gba inú rẹ̀ kọjá, ìlà pẹ́ńsùlù kò sún. Bàbá mi fọwọ́ síwèé, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún tíṣà wọn. Màmá kà á láti òkè délẹ̀, wọ́n yọ bírò pupa nínú báàgì, wọ́n sì máàkì rẹ̀ gàdàgbà kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.