Ìgò Ṣúgà Ìyá Mi

Nígbà tí ìyá mi ṣubú nínú ilé ìdáná wọn ní Ìpele, èmi ni mo lọ gbé wọn wá sọ́dọ̀ ara mi ní Ọ̀wọ̀. Wọn ò fẹ́ wá. Láràárọ̀ ni wọ́n ń di àpò aṣọ wọn, tí wọ́n á gbé e sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n á wá jókòó sí pálọ̀ láti dúró de ẹni tí yóò gbé wọn padà sí "ulé", bí àwa níbí ṣe ń pe ilé. Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo ti tu àìmọye aláìsàn nínú, ṣùgbọ́n ìtùnú mi kò wọ ìyá tó bí mi létí. Ẹ̀rù tó ń bà mí kò ju ẹyọ kan lọ: bí wọ́n bá padà, tí wọ́n sì tún ṣubú, ta ni yóò gbọ́?

Nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n ń wò nínú ilé mi. Àpótí gíláàsì kékeré kan ni, tí dókítà kan fi sílẹ̀ fún mi nígbà tó ń kó kúrò nílùú. Omi ló wà nínú rẹ̀, àti ẹja wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́, àti ewéko tó ń hù lábẹ́ omi. Ara àwọn ẹja le, ṣùgbọ́n àwọn ewé ń pọ́n, wọ́n sì ń já. Lọ́jọ́ kan, ìyá mi fi ọ̀pá wọn kan gíláàsì náà.

"Àwọn ewé wọ̀nyí ń kú lọ," ni wọ́n wí. "Ẹni tó hú wọn kúrò lódò wọn ló pa wọ́n."

Mo mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Ó dùn mí, inú sì bí mi. Mo ní ewé náà kò ní kú, kí wọ́n ṣáà máa wò ó.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí lórí fóònù. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ tí àwa èèyàn ń mí jáde ni oúnjẹ ewé, pé èyí tó wà nínú omi kò tó wọn. Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ á ra sílíńdà kékeré tí wọ́n rọ afẹ́fẹ́ yìí sí àti irin tí wọ́n ń dé mọ́ ọn lórí láti ṣọ́ bí afẹ́fẹ́ náà ṣe ń jáde. Bó bá ti ṣí i báyìí, ó lè di oṣù púpọ̀ kó tó tún fọwọ́ kàn án. Nígbà tí mo gbọ́ iye tí wọ́n ń tà á, ẹ̀rín pa mí. Nítorí ẹja tí kò tó ọbẹ̀ ẹnì kan! Àwọn mìíràn ń po ìyẹ̀fun kíkan kan mọ́ sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì, ṣùgbọ́n n kò rí ìyẹ̀fun náà rà. Èyí tó rọrùn jù ni ṣúgà, yíìsì àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú ìgò ike, kí wọ́n máa hó, kí rọ́bà dírípù sì máa gbé afẹ́fẹ́ wọn lọ sínú omi ẹja. Ìyẹn ni mo mú. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í pẹ́ tí agbára rẹ̀ fi ń tán. Èèyàn gbọ́dọ̀ máa tún un pò.

Ibi tí mo ti ń pò ó ni ìyá mi ti gbóòórùn yíìsì, wọ́n sì dìde. Búńsì ni wọ́n máa ń dín fún àwọn ọmọ iléèwé ní Ìpele kí ara tó di ara àgbà. Wọ́n gba ṣíbí lọ́wọ́ mi, wọ́n sì pò ó fúnra wọn. Láti ọjọ́ náà, ìgò di tiwọn. Bí wọ́n bá jí, wọ́n á kọ́kọ́ wo bó ṣe ń hó kí wọ́n tó rántí àpò. Àwọn ewé sì ń tutù bọ̀.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, ará Ìpele kan gbé ẹmu wá kí wọn lẹ́yìn ìsìn. Èmi wà níbi iṣẹ́. Ìyá mi rí i pé ìgò kò hó dáadáa mọ́, wọ́n sì rántí pé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu làwọn fi ń mú ìyẹ̀fun búńsì wú nígbà tí yíìsì wọ́n. Wọ́n dà á sínú ìgò, wọ́n dé e. Nígbà tí mo wọlé, ìfófòó ti gba inú rọ́bà já sínú àpótí, omi ti funfun bí omi ògì, gbogbo ẹja ń la ẹnu sókè.

"Màmá! Ta ló ní kí ẹ fọwọ́ kàn án?"

Mo fa rọ́bà yọ, mo da ìdajì omi náà nù, mo ń fi ife da omi tuntun sí i láti òkè kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́. Àwọn ẹja náà yè. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Nígbà tí mo máa fi gbójú sókè, ìyá mi ti wọ yàrá.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti wé gèlè. "Mò ń lọ. Nínú ulé mi, kò sóhun tí mo fọwọ́ kàn tí ẹnì kan ń jágbe mọ́ mi."

Mo kúnlẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n ní àwọn á dúró di Sátidé, pé kí èmi fúnra mi wá gbé àwọn lọ.

Kí Sátidé tó pé, àbúrò mi tó wà l'Ékòó fi sílíńdà ránṣẹ́. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìgò lẹ́nu mi. Mo ṣí páálí náà. Nǹkan náà ń dán, ó sì wù mí dọ́ba. Ìyá mi ń wò ó láti orí àga wọn.

"Èyí ni kò wá ní fẹ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni mọ́?" ni wọ́n bi mí.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo pa páálí náà dé, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo fọ ìgò, mo gbé ṣúgà àti yíìsì síwájú wọn. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pò ó." Wọ́n wò mí títí. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n lọ gbé omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wá.

Nígbà tó di Sátidé, mo mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Mo ti ṣèlérí, n kò sì fẹ́ yẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Màmá, ó yá."

Ojú wọn wà lára ìgò. "Ní òní? Èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pò? Ta ni yóò máa wò ó?" Wọ́n fi ọ̀pá wọn tọ́ka sẹ́nu ọ̀nà. "Gbé àpò yẹn wọ yàrá. Èèyàn lè kọsẹ̀ lára rẹ̀ kó ṣubú."